Ibo Ni Kí N Ti Lọ Kọ́ Bàálù Wíwà? Ìtọ́sọ́nà fún Ará Òṣogbo Tó Ń Wá PPL Lókè Òkun

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti padà dé: "Ẹ̀gbọ́n, orílẹ̀-èdè wo ló dáa jù láti lọ kọ́ bàálù wíwà?" Wọ́n bi mí ní Òkè-Fìà, wọ́n bi mí níbi ìkómọ, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba sì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọmọ òun ti rí ilé-ìwé kan lórí fóònù, wọ́n ní kí àwọn san gbogbo owó kí oṣù tó parí kí wọ́n lè gba ẹ̀dínwó. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má tíì mú orílẹ̀-èdè kankan. Ilé-ìwé tí yóò gbé yín gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, tí kò sì ní gba gbogbo owó yín lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló dáa jù, ibi yòówù kó wà. Bí ẹ ṣe máa dá irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni mo fẹ́ sọ, pẹ̀lú ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe tán nílé kí kọ́bọ̀ yín tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Kí ó tó di pé a wọlé: PPL ni láísẹ́ǹsì awakọ̀ òfurufú aládàáni. Ó gbà yín láàyè láti wa bàálù kékeré, kí ẹ gbé ẹbí àti ọ̀rẹ́ sínú rẹ̀. Kò gbà yín láàyè láti gba owó iṣẹ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òun yóò fi PPL gba iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ẹnì kan ló tàn án.

## Ohun tí ẹ máa ṣe tán ní Òṣogbo

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin yìí kò gba físà, owó tó ń gbà kò sì pọ̀.

1. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi láísẹ́ǹsì náà ṣe sílẹ̀, ní gbólóhùn kan.

"Mo fẹ́ fi bàálù jẹun" yàtọ̀ sí "mo fẹ́ máa fò fún ìdùnnú ara mi." Ẹni tó fẹ́ fi jẹun kí ó mọ̀ pé PPL ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Nǹkan bíi wákàtí 200 sí 250 lápapọ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń bèèrè kí èèyàn tó gba láísẹ́ǹsì oníṣòwò. Nítorí náà, ibi tí yóò ti parí gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà máa ti ìlànà orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí ti òmíràn, kí ó sì máa tún ìdánwò ṣe.

Ẹni tó fẹ́ fò fún ìdùnnú náà ní ìbéèrè tirẹ̀: níbo ni ẹ ti máa fò lẹ́yìn náà? Bàálù kékeré tí èèyàn lè yá bí ẹni yá mọ́tò kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, pápá Ìdó-Ọ̀ṣun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí kò sì tíì di ibi tí ẹ ti lè lọ yá ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ máa ń lọ kí lọ́dọọdún, láísẹ́ǹsì ibẹ̀ ni yóò wúlò fún yín jù.

2. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ara KÍ Ẹ TÓ san owó ilé-ìwé.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Mo mọ ẹni tó ta ilẹ̀, tó san owó, tó dé ọ̀hún, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ló ti wà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Àyẹ̀wò náà pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ lè ṣe nílé ìwòsàn ńlá èyíkéyìí, irú bíi UNIOSUN Teaching Hospital níbí:

- Ojú: bí ẹ ṣe ń ríran lókèèrè àti nítòsí, àti àyẹ̀wò àwọ̀. Ìwé alámì tóótòòtó tó ní nọ́ńbà nínú ni wọ́n máa fi hàn yín. Awò ojú kì í ṣe ìdíwọ́ bí ẹ bá ń ríran dáadáa pẹ̀lú rẹ̀.
- Jẹ́nótáìpù. Ẹni tó jẹ́ AS kì í sábà ní ìṣòro. Ẹni tó jẹ́ SS kí ó bá dókítà ọkọ̀ òfurufú sọ̀rọ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀, torí pé afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́lẹ́ bí a bá ṣe ń gòkè, àìtó afẹ́fẹ́ sì ni ohun tó ń dá wàhálà ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀.
- Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, etí, wárápá, àti oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́.

Èkejì ni èyí tí dókítà tí àjọ ọkọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè yẹn fọwọ́ sí máa ń ṣe. Amẹ́ríkà ń pè é ní Class 3 fún PPL. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yúróòpù àti Gúúsù Áfríkà ń pè é ní Class 2. FAA, ìyẹn àjọ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, ní orúkọ àwọn dókítà rẹ̀ lórí ojú-ìwé rẹ̀, títí kan àwọn tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Ní ti Class 3, ẹni tí kò tíì pé ọmọ 40 ọdún ní oṣù 60 kí ó tó tún un ṣe. Ẹni tó ti pé 40 ní oṣù 24.

Ẹ má parọ́ nínú fọ́ọ̀mù náà. Àìsàn tí ẹ sọ lè ní ọ̀nà àbáyọ. Èyí tí ẹ fi pamọ́ lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i.

3. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni yóò wà lórí ìwé ilé-ìwé, físà, ìwé àyẹ̀wò ara àti láísẹ́ǹsì. Bí WAEC bá kọ "Olawale", tí NIN kọ "Wale", tí páásípọ́ọ̀tù sì fi orúkọ bàbá ṣáájú, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí. Òṣogbo ni ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù wa wà. Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni níbí, àmọ́ oṣù ni yóò gbà bí ẹ bá ti wà lókè òkun. Kí ẹ sì rí i pé páásípọ́ọ̀tù náà ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kọjá ìgbà tí ẹ rò pé ẹ̀kọ́ yín yóò parí.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

FAA gbé àwọn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè kó wọn sórí fóònù. Bí ìyẹ́ ṣe ń gbé bàálù dúró, bí a ṣe ń ka máàpù, bí a ṣe ń ka ìròyìn ojú ọjọ́: ọ̀kan náà ni wọ́n ní gbogbo ayé. Òfin nìkan ló ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibì kan. Wákàtí tí ẹ bá fi kàwé ní Òṣogbo, ẹ kò ní san dọ́là lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ rédíò náà ńkọ́? Ẹ má bẹ̀rù ahọ́n yín. Ìlànà àgbáyé ni pé kí awakọ̀ pe 3 bí "tree", kí ó pe 5 bí "fife", kí ó sì pe 9 bí "niner". Ahọ́n Yorùbá ti ń pe "tree" tipẹ́! Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọ̀rọ̀ yín ṣe ketekete, kí ó sì wà létòlétò. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì awakọ̀ ní ìpele mẹ́fà, ìpele 4 sì ni ẹ gbọ́dọ̀ dé ó kéré tán. Ìpele 4 ń fẹ́ àtúnṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá gba 6 kò ní tún un ṣe mọ́.

## Orílẹ̀-èdè: ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra

Gbogbo ibi tí mo máa dárúkọ yìí ń tẹ̀lé ìlànà ICAO, ìyẹn àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, torí náà kò sí èyí tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ ayédèrú nínú wọn. Ìyàtọ̀ wà nínú wákàtí, ìdánwò, físà àti ojú ọjọ́.

Amẹ́ríkà. Wákàtí tó kéré jù lọ ni 40, tàbí 35 ní àwọn ilé-ìwé tí FAA fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ wọn lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Part 141. Ìdánwò orí ìwé kan ṣoṣo ni, ìbéèrè 60, 70 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni olùdánwò yóò bi yín lẹ́nu, tí ẹ ó sì jọ fò. Ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú ètò wọn ni pé fífò lóru wà nínú PPL wọn. Níbi tó kù tí mo dárúkọ nísàlẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ lẹ máa san owó rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ìwé. Físà M-1 ló wà fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bí èyí. Kìkì ilé-ìwé tí ìjọba fún láṣẹ láti gba àlejò ló lè kọ ìwé I-20, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà yín, fún yín. Ẹ ó sì san 350 dọ́là owó SEVIS, ètò tí ìjọba fi ń kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àlejò sílẹ̀, yàtọ̀ sí owó físà. Físà àlejò kò ṣeé fi gba láísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kó yín sí wàhálà ni. Lẹ́yìn físà, àjọ ààbò TSA gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò, kí wọ́n gba ìtẹ̀ka yín, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó fò ọjọ́ àkọ́kọ́. M-1 kò gbà yín láàyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, torí náà ẹ má gbọ́kàn lé iṣẹ́ alẹ́ láti fi san owó ilé.

Láti ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń mú ọ̀rọ̀ físà ọmọ Nàìjíríà le. Ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n dín ọ̀pọ̀ físà wa kù sí ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kejìlá, wọ́n tún kéde ìdádúró tó kan físà àlejò àti ti akẹ́kọ̀ọ́, M sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ sanwó gan-an ni kí ẹ ka ojú-ìwé ẹ́ḿbásì fúnra yín, kí ẹ wo ohun tí òfin wí lọ́jọ́ náà. Ẹ má gba ẹnu éjẹ́ǹtì gbọ́.

Fún àwọn tí ọ̀nà bá ṣí fún: Flórídà ni ọ̀pọ̀ ń lọ nítorí oòrùn. Òótọ́ ni, àmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí dé ìparí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle níbẹ̀, lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn sì ni àrá máa ń sán. Bí ilé-ìwé bá ní òwúrọ̀ ti kún, ọ̀sán ló kù fún yín, ẹ béèrè pé ìgbà mélòó lójò máa dá ẹ̀kọ́ dúró.

Gúúsù Áfríkà. Ibẹ̀ ni mo ti parí tèmi, torí náà ẹ mọ̀ pé ojú tèmi ni mo fi ń wò ó. Wákàtí 45 ló kéré jù. Rándì ni wọ́n fi ń díye lé e, iye náà sì sábà máa ń fúyẹ́ fún wa ju ti dọ́là lọ. Ẹ̀kọ́ tó bá ju oṣù mẹ́ta lọ ń béèrè físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sì gbàgbé káàdì yẹ́lò fífà. Wọ́n máa ń dá èèyàn padà nítorí rẹ̀.

Ibi tí ẹ bá lọ nínú orílẹ̀-èdè náà ṣe pàtàkì. Àwọn pápá tó yí Johannesburg ká, bíi Lanseria, Rand àti Wonderboom, wà lókè gan-an. Rand fi ohun tó ju 5,000 ẹsẹ̀ lọ ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í lágbára tó, bàálù sì máa ń sáré pẹ́ kó tó gbéra, pàápàá lọ́sàn-án gbígbóná. Ẹni tó bá kọ́ ọ níbẹ̀ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìṣirò ẹrù. Àkókò tiwọn yí padà sí ti Yúróòpù: oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ ni òtútù wọn, ìgbà náà sì ni ojú ọ̀run Johannesburg máa ń mọ́ kedere. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni àrá ọ̀sán ń jà. Cape Town ló yàtọ̀: ìgbà òtútù ni òjò tiwọn ń rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ẹ̀fúùfù ń fẹ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù. Wákàtí 45, nínú èyí tí 10 jẹ́ fífò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìrìn kan tó tó 270 kìlómítà. Ìdánwò orí ìwé mẹ́sàn-án ni, 75 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ wọn jinlẹ̀, mi ò lè purọ́. Àmọ́ ní oṣù kejìlá, oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu sì lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Gúúsù Sípéènì sàn púpọ̀ ní ti ojú ọjọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé láti ìparí ọdún 2020, láísẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti EASA, àjọ ọkọ̀ òfurufú Yúróòpù, mọ́. Ẹ má san owó ọ̀kan kí ẹ rò pé ẹ ti ra méjèèjì.

Kẹ́ńyà. Pápá Wilson ní Nairobi kún fún bàálù kékeré àti ilé-ìwé. Òun náà wà lókè bíi ti Johannesburg. Ó yẹ kí ẹ fi kún àwọn tí ẹ máa kọ̀wé sí.

## Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe

Wákàtí 40 tàbí 45 tí òfin sọ, ìyẹn ló kéré jù. Àwọn tó ń parí sí i kò pọ̀. Ẹ fi 60 sí 70 ṣe ìṣirò yín. Kí ni ó ń fa àlékún? Àlàfo. Bíbalẹ̀ dà bí ìlù lílù: ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó bá sinmi fún ọjọ́ mẹ́wàá á gbàgbé, wákàtí tó tẹ̀ lé e ẹ ó fi tún èyí tí ẹ ti mọ̀ kọ́ ni, owó rẹ̀ sì pé pérépéré.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé àwọn iye rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ti ilé-ìwé yín rọ́pò wọn:

- Ilé-ìwé kìíní: 165 dọ́là fún wákàtí kan. Ìfò méjì lọ́sẹ̀, wákàtí 1.3 lẹ́ẹ̀kan. Nítorí àlàfo, ó gbà yín ní wákàtí 75. Owó fífò: 12,375 dọ́là. Ọ̀sẹ̀ 29 lẹ lò níbẹ̀. Bí ilé àti oúnjẹ bá jẹ́ 800 lóṣù, ó tó 5,350. Àpapọ̀ sún mọ́ 17,700.
- Ilé-ìwé kejì: 200 dọ́là fún wákàtí kan. Ìfò mẹ́rin lọ́sẹ̀. Wákàtí 52 ló gbà yín. Owó fífò: 10,400. Ọ̀sẹ̀ 10 péré. Ilé àti oúnjẹ: bíi 1,850. Àpapọ̀ sún mọ́ 12,250.

Ilé-ìwé olówó pọ́ọ́kú ló wọ́n jù! Mo fara gbá a. Ilé-ìwé tí mo kọ́kọ́ lọ ní bàálù méjì. Ọ̀kan wọ ilé àtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 11 sì ń pín èyí tó kù. Mo ti san gbogbo owó, mi ò lè kúrò. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà jókòó sínú rẹ̀, ṣe ni olùkọ́ mi ń bẹ̀rẹ̀ láti "a" "b" "d". Nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, owó ti lọ, mi ò sì tíì dá fò lẹ́ẹ̀kan. Ilé-ìwé kejì gbé mi gòkè lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹta olùkọ́ bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n máa lọ. Bàálù yẹn fò sókè bí ẹyẹ nítorí ìwọ̀n ẹnì kan ti kúrò nínú rẹ̀. Mo pariwo lóhùn rara nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi.

Owó tí wọn kì í kọ sójú ìwé ìpolówó, ẹ béèrè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

- Ṣé epo wà nínú owó wákàtí, àbí wọ́n ń yọ ọ́ lọ́tọ̀?
- Ṣé láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dún ni wọ́n ń ka wákàtí, àbí láti ìgbà tí bàálù bá gbéra?
- Owó olùkọ́ nígbà tó bá ń ṣàlàyé lórí ilẹ̀.
- Owó bíbalẹ̀ ní pápá mìíràn.
- Owó olùdánwò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ lẹ máa san án fún olùdánwò fúnra rẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí ó tó kàn yín.
- Agbóhùn etí, máàpù, ìwé àkọsílẹ̀ ìfò, owó ìdánwò orí ìwé, ìbánigbófò.
- Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀.

Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé àpapọ̀ rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ fi bí iye náírà ṣe ń yí padà kún un pẹ̀lú: owó tó tó lónìí lè má tó lóṣù mẹ́ta òní. Ẹ bi báńkì yín nípa Fọ́ọ̀mù A, èyí tí wọ́n fi ń béèrè owó òkèèrè ní báńkì, fún owó ilé-ìwé kí ẹ tó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lọ.

## Bí ẹ ṣe máa yan ilé-ìwé, ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀

1. Ẹ mú ilé-ìwé márùn-ún, ní orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán. Ẹ wo orúkọ wọn lórí ojú-ìwé àjọ ọkọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pa á rẹ́.

2. Ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí gbogbo wọn. Ìbéèrè mẹ́fà ti tó: Bàálù mélòó ló ń fò lónìí, kì í ṣe èyí tó wà nílé àtúnṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń lò wọ́n? Olùkọ́ mélòó ló jẹ́ tiyín pátápátá? Ta ló ń tún bàálù ṣe, ṣé níbẹ̀ ni? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni àwọn tó parí láìpẹ́ lò? Báwo lẹ ṣe ń dá owó padà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kúrò? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójú, ẹ mú un sọ́wọ́. Ẹni tó bá fi àwòrán bàálù tuntun dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀.

3. Ẹ ṣe ìpín. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún fún bàálù kan, a lè fara mọ́ ọn. Mẹ́wàá fún ọ̀kan, ẹ sá. Kí ẹ rántí pé bàálù tó ń kọ́ni kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́: ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí 100 kọ̀ọ̀kan.

4. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí ilé-ìwé yàn fún yín. Ẹ wá ọmọ Nàìjíríà bó bá ṣeé ṣe. Ẹ bi í ní ohun kan péré: "Ìgbà mélòó lo fò lọ́sẹ̀ tó kọjá?" Ẹ má bi í bóyá ilé-ìwé náà dáa, gbogbo èèyàn ló máa ń ní ó dáa.

5. Ẹ pè wọ́n lórí fídíò, kí ẹ ní kí wọ́n rìn lọ sí ibi tí bàálù wà. Ilé-ìwé tí iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ kò ní rí ìyẹn bí ìyọlẹ́nu.

6. Ẹ ka àdéhùn wọn títí dé ìlà ìkẹyìn. Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìdápadà owó ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

7. Ẹ sanwó díẹ̀díẹ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀ kékeré láti gba ìwé físà. Lẹ́yìn tí ẹ bá dé, owó wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ní ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó bá san gbogbo rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má sì gbà á. Ilé-ìwé bàálù máa ń wó lulẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ yòókù, owó akẹ́kọ̀ọ́ a sì bá a lọ. Bí òfin físà bá fi dandan béèrè owó ńlá ṣáájú, ẹ béèrè bóyá ó lè wà ní àpò ìfowópamọ́ tí kò sí lọ́wọ́ ilé-ìwé títí ẹ ó fi fò.

8. Inú àpò ilé-ìwé ni kí owó wọ̀, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti àjọ ọkọ̀ òfurufú mu. Kì í ṣe àpò ẹnì kan, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì ní Ọlá-Ìyá. Ẹ gba rísíìtì fún gbogbo rẹ̀.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn tẹ̀lé ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ yín lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Físà kò kàn án, TSA kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò bí yóò ṣe yẹ̀ yín wò.

Òmíràn ni kí ẹ gba ọgbọ̀n ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ rò pé ẹ ó gba PPL láàárín rẹ̀ nítorí pé ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe bí ojú ọjọ́ bá fara mọ́ ọn, bí bàálù kò bá bàjẹ́, bí olùdánwò bá wà nílẹ̀, bí ara yín kò bá sì rẹ̀. Ẹ fi oṣù mẹ́ta ṣètò.

Àwọn kan máa ń pín ẹ̀kọ́ náà sí méjì pẹ̀lú ọdún kan láàárín: wákàtí 20 lọ́dún yìí, ìyókù lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹ bá padà dé, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti ṣí kúrò lọ́wọ́. Ó sàn kí ẹ dúró kí owó pé.

Àwọn òbí ló ń ṣe èyí tó kẹ́yìn: wọ́n máa ń sanwó fún ọmọ tí kò tíì wọ inú bàálù kékeré rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ra ìfò ìdánwò kan fún un. Àwọn ọmọ kan wà tí èébì kò ní jẹ́ kí wọ́n gbádùn rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀rù kò ní tú lọ́kàn wọn. Kì í ṣe ìtìjú.

## Bí òkè òkun kò bá ṣeé ṣe báyìí

Ìlọrin kò jìnnà sí wa. Ilé-ìwé International Aviation College wà ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀, NCAT, sì ti wà ní Zaria láti ọdún 1964. Láísẹ́ǹsì tí ẹ bá gbà níbẹ̀, ti Nàìjíríà ni tààràtà, kò sí ìyípadà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́fà kan náà tí mo kọ sókè, láìfi ojúsàájú ṣe. Ẹ sì ṣọ́ra fún àsìkò ọyẹ́: láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, eruku lè bo ojú ọ̀run débi pé bàálù kékeré kò ní gbéra fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ sókè òkun lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ lè fi Ìlọrin ṣe ibi ìfò ìdánwò yín. Ọjọ́ kan péré ni, ẹ ó sì padà sùn nílé.

## Kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti kọ́ ọ

Bàálù tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ìyẹn ti Nàìjíríà, kò ṣeé wà pẹ̀lú láísẹ́ǹsì àjèjì láìjẹ́ pé NCAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà, fọwọ́ sí i tàbí yí i padà sí tiwa. Wọn yóò fẹ́ rí i dájú lọ́dọ̀ orílẹ̀-èdè tó fún yín ní láísẹ́ǹsì, òfin òfurufú Nàìjíríà sì ní ìdánwò tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ bàálù ìpadàbọ̀:

- Kí olùkọ́ fọwọ́ sí gbogbo ojú-ewé ìwé àkọsílẹ̀ ìfò yín, kí ilé-ìwé sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú.
- Kí ẹ ya àwòrán ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.
- Kí ẹ gba lẹ́tà pé ẹ parí, àti ìwé èsì ìdánwò kọ̀ọ̀kan.
- Kí ẹ mú ìwé àyẹ̀wò ara àti ìwé ìpele èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú àpò tí ẹ máa gbé dání. Ẹ má fi wọ́n sínú ẹrù tí wọ́n máa kó sábẹ́ bàálù.
- Kí ẹ gba orúkọ àti ímeèlì ẹni tó ń dáhùn ìwé ìwádìí ní ilé-ìwé náà. Òun ni NCAA máa nílò lóṣù mẹ́ta sí i, nígbà tí kò bá sí ẹni tó rántí ojú yín mọ́.